Bọ́ọ̀sì Tó Ń Dúró De Nereida

Ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kejì lásán: bí Abelardo Cantú ṣe kọ́kọ́ rí Nereida Bustos nìyẹn, láàrin gbùngbùn òpópónà Harkness, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ kọjá díẹ̀. Ó dúró lórí ìlà yẹ́lò tó pín títì náà sí méjì. Ọkọ̀ ń já lọ níwájú rẹ̀, ọkọ̀ ń já lọ lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn wọn ń gbá síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ti kán. Ó gbé bàtà náà dání bí ẹni gbé òkú adìyẹ, ó sì ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni Abelardo. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń wakọ̀ ní Llano Verde, ìlú wa ní Texas, oríṣiríṣi èèyàn ló sì ti rí tó ń dábùú títì. Kò tíì rí ẹni tí ikú ń kọjá lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó ti gbéra, àkókò rẹ̀ ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí bíréèkì. Ó tan iná iwájú bọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀mejì, fìrí fìrí, kí ọmọbìnrin náà lè mọ̀ pé wọ́n ti rí òun: má sáré, mò ń dúró dè ọ́.

Ọmọbìnrin náà rí i. Ó dúró títí àlàfo fi ṣí, ó wá tiro kọjá, ó gun inú ọkọ̀.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá dírẹ́bà," ó wí, èémí rẹ̀ kò tíì balẹ̀. "Ọlọ́run á dúró de ẹ̀yin náà."

"Kó kọ́kọ́ dúró tì ẹ́ lórí ìlà yẹ́lò yẹn ná. Kí lo wá débẹ̀?"

"Iṣẹ́ ni mò ń lọ, ọ̀gá. Àbí ẹ rò pé mo wá gba atẹ́gùn?"

Gbogbo inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú pariwo pé, "Dírẹ́bà, ẹ wa ọkọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ olọ́mọ lọ jókòó!" Abelardo wa ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n dígí tí wọ́n fi ń wo èrò ẹ̀yìn, àárọ̀ ọjọ́ náà ló wò ó jù láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìhà kan títì náà ni ilé wa wà, ilé gígùn gígùn tí wọ́n ń pè ní Los Nogales. Ìhà kejì ni ibùdókọ̀ tó lọ sí àárín ìlú wà. Ojú ọ̀nà mẹ́ta ń lọ, mẹ́ta ń bọ̀. Iná adarí ọkọ̀ tó sún mọ́ wa jù, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kò sì sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ débẹ̀, koríko àti kòtò ni. Nítorí náà, a máa ń sáré. Ìyá tó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ ń sáré. Àwọn ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ á gbé kẹ̀kẹ́ léjìká, wọ́n á sáré. A ò pè é ní nǹkan kan. Bí èèyàn ṣe ń fọ eyín láràárọ̀ ni a ṣe ń dábùú Harkness.

Ilé ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá ni Nereida ti ń ṣiṣẹ́, ó ń fi ẹ̀rọ lọ aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Abelardo fi ọdún méje jù ú lọ. Abelardo ti fi ìgbà èwe rẹ̀ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, nígbà tí ìyá náà sì kú, ó bá ara rẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé ibùdókọ̀ wa tí kò rí i, á wo òdìkejì. Bó bá rí i, á tan iná lẹ́ẹ̀mejì, á sì dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Nereida gbé nǹkan kan lé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ rẹ̀, ó gbóná, ó dà bí ẹ̀kọ tí ẹran wà nínú rẹ̀, háhá àgbàdo ni wọ́n fi wé e.

"Kí nìyí?"

"Tamale ni. Owó ìdúró ni. Ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ o, kí wọ́n má lọ lé yín."

"Nereida, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí o ò máa rìn lọ síbi iná?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bọ̀, nínú koríko tí ejò ń gbé. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi jí ní aago mẹ́rin?"

"Tó bá jẹ́ ohun tó gbà nìyẹn, màá jí."

Ó ṣẹ́jú sí i. "Ẹ gbọ́ ohun tí dírẹ́bà ń sọ," ó wí fún gbogbo èrò, ojú sì ti Abelardo títí wọ́n fi dé àárín ìlú.

Ní ọjọ́ Àìkú wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pàdé lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa lá yìnyín olómi ọsàn. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o". Nereida ń pè é ní "bàbá àgbà mi" nítorí ewú díẹ̀ tó wà létí rẹ̀. Òun náà ń pè é ní "ẹlẹ́sẹ̀ kan".

Wàyí o, fọ́ọ̀mù kan wà ní ọgbà tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀sì sí. Bí dírẹ́bà bá rí ibùdókọ̀ tó léwu, á kọ ọ́ síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ á lè bá ìjọba sọ ọ́ kí wọ́n gbé ibùdókọ̀ náà síbòmíràn. Abelardo gba fọ́ọ̀mù náà lọ́sẹ̀ kejì tó mọ Nereida. Ó kọ orúkọ òpópónà sí i. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé ibùdókọ̀ lọ síbi iná, kí wọ́n sì la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ débẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rántí pé bọ́ọ̀sì mìíràn ń dúró níbi iná yẹn, èyí tó ń lọ tààrà sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá gbé ibùdókọ̀ lọ síbẹ̀, Nereida kò ní ní ohun kankan tí yóò fi bọ́ọ̀sì Abelardo ṣe mọ́.

Ó ká fọ́ọ̀mù náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò àyà. Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó tún ní tó bá di èyí tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ máa rí ojú kan láràárọ̀ ni.

Bàbá Nereida, don Fidencio bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pè é, ló kọ́kọ́ fura. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, orúnkún ń dùn ún, etí rẹ̀ sì mú ju ti ológbò lọ. Ó ń gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń kọrin ní kíṣìnì láfẹ̀mọ́júmọ́.

"Nereida, tamale mélòó lò ń dì yẹn?"

"Méjì ni, bàbá."

"Tẹ́lẹ̀ ẹyọ kan lò ń gbé lọ. Ta ló ń jẹ èkejì?"

Nereida wo ẹ̀yìn bóyá ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Doña Otilia ṣì wà níta, ó ń fún òdòdó rẹ̀ lómi. "Dírẹ́bà kan ni."

"Ṣé ó ń mutí?"

"Rárá."

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ jù?"

"Bàbá, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ jù."

"Ìyẹn dára, èèyàn kan gbọ́dọ̀ máa gbọ́. Kí ló ṣe tó fi wọ̀ ọ́ lójú?"

Nereida ronú. Ó ní, "Ó máa ń dúró dè mí. Bí mo bá wà ní òdìkejì títì, á tan iná, á dúró. Ní gbogbo ìlú yìí, bàbá, ta ló ń dúró de irú wa?"

Don Fidencio fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Má tíì sọ fún ìyá rẹ. Ó máa béèrè ìwé ìrìbọmi rẹ̀ àti ti bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ fi ojú mi rí i."

Ọjọ́ Sátidé kan ni, òjò fúyẹ́ fúyẹ́ ti rọ̀ dá. Nereida ti lọ síbi iṣẹ́. Don Fidencio fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ìrìbọmi ọmọ àwọn ẹbí, ó dé fìlà koríko rẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ gẹ irun.

"Irun wo?" ni doña Otilia bi í.

"Èyí tó kù," ó fèsì, ó sì jáde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bára wọn sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, Abelardo wo òdìkejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò retí Nereida, ó mọ̀ pé ó ti lọ. Bàbá arúgbó kan ló rí lẹ́bàá títì, aṣọ rẹ̀ funfun nini, ó ń na ọwọ́ sókè. Ó ti di bárakú fún Abelardo báyìí. Ó tan iná lẹ́ẹ̀mejì.

Arúgbó náà ṣí fìlà, ó kí i láti ọ̀ọ́kán, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sójú títì. Ó kọjá ojú ọ̀nà mẹ́ta àkọ́kọ́ láyọ̀. Ó dé ìlà yẹ́lò, ó sinmi orúnkún rẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan rí i, ó dúró fún un. Arúgbó náà gbé ọwọ́ sókè, ó dúpẹ́, ó tẹ̀síwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù náà ga. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ohun tó mú un dúró, ó ya sí ẹ̀gbẹ́ kó lè kọjá, ó sì gbá arúgbó náà.

Abelardo bẹ́ sílẹ̀. Kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lójú títì, ó gbé orí arúgbó náà lé itan. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wa ọkọ̀ tó gbá a dúró tì wọ́n, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu, ó ń tún un sọ pé òun ò rí i, òun ò rí i rárá.

Arúgbó náà la ojú. "Ṣé bọ́ọ̀sì náà ò tíì lọ?" ó béèrè.

"Kò lọ, bàbá. Ó ń dúró dè yín."

"Ó dáa," ni don Fidencio wí.

Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n pe Nereida láti ilé ìfọṣọ, ó gun àtẹ̀gùn wá, apá aṣọ rẹ̀ ṣì tutù. Abelardo ló kọ́kọ́ rí, ó jókòó lórí àga lójú ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ wà lórí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́? Ṣé o fara pa ni?" Ó dì í lápá mú. "Wọ́n ní kí n wá, wọ́n ní bàbá mi..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó rí fìlà koríko tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abelardo náà wo fìlà, ó wo ojú ọmọbìnrin náà, ó sì rí imú arúgbó yẹn lójú rẹ̀, àgbọ̀n arúgbó yẹn. Ó na fìlà náà sí i.

"Ìwọ ló ń bọ̀ wá wò," ni Nereida wí. "Ìwọ ló wọṣọ fún."

Don Fidencio kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ Ajé ló kú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi gbàdúrà nílé wọn, bí a ti máa ń ṣe. Abelardo wá lójoojúmọ́, ó ń dúró lẹ́yìn, ó ń gbé àga. Doña Otilia ń bu kọfí fún un bí ó ṣe ń bù fún gbogbo èèyàn, kò mọ ẹni tó jẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án, Nereida bá a lẹ́yìnkùlé, níbi tí aṣọ sísá ti ń gbẹ.

"Wọ́n ní o tan iná fún un," ó wí.

"Mo tan án."

"Lẹ́ẹ̀mejì?"

"Lẹ́ẹ̀mejì."

Nereida fa aṣọ kan tọ́ lórí okùn tí kò nílò títọ́. "Mo rò pé tèmi nìkan ni iná yẹn."

Ì bá ti dákẹ́. Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n Abelardo fa fọ́ọ̀mù náà yọ ní àpò àyà, ó tẹ́ ẹ, ó fi lé e lọ́wọ́. Ó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un, ó sọ ìdí tí kò fi fi sílẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Nereida ka ìlà méjèèjì. Ó tún wọn kà, ó sì dá fọ́ọ̀mù náà padà fún un.

"Oṣù mẹ́ta," ó wí.

"Oṣù mẹ́ta."

"Nítorí tèmi."

"Nítorí ara mi ni. Má gbé e lé orí ara rẹ."

"Máa lọ, Abelardo. Jọ̀ọ́. Kí n tó sọ ohun tí mi ò ní lè kó padà."

Ó lọ. Láti ọjọ́ kejì, Nereida ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ó ń gba inú koríko rìn lọ síbi iná, ó ń wọ bọ́ọ̀sì kejì. Bí Abelardo bá ń kọjá, á rí i tó dúró síbẹ̀, bàtà rẹ̀ tutù fún ìrì, ó kọ ẹ̀yìn sí títì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì náà gan-an ni Abelardo fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lọ́fíìsì. Akọ̀wé gbà á, ó fi lé orí òmíràn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí ló dùn ún jù, pé kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Doña Otilia kò sunkún ní gbangba. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé àga lọ sẹ́bàá ọgbà Los Nogales láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, ó gbé àpò ẹ̀wà lé itan, ó gbé ìgò sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹnì kan bá ti dábùú títì, á ju ẹ̀wà kan sínú ìgò. Àwọn tó ń sáré kọjá ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn, kò sì ṣíwọ́. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó kà wọ́n. Igba ó lé mọ́kànlá.

Ó gbé ìgò náà lọ síbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Nereida tẹ̀ lé e, àwa bí ogún sì tẹ̀ lé wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Doña Otilia kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Nereida gbọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó èyí tó lè fi túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ tí wọ́n ṣèlérí kò wá. Alága ń wo aago. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní òun gbọ́ èdè méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì. Abelardo ni.

Doña Otilia rántí ojú rẹ̀ láti ìgbà àdúrà. Ó mi orí sí i. Ó gbé ìgò sórí tábìlì.

"Orúkọ mi ni Otilia Bustos," ó wí. "Ẹ̀wà kọ́ lẹ̀ ń wò yìí, èèyàn ni. Ẹyọ kan, èèyàn kan, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀ ń sọ pé kí a máa rìn lọ síbi iná. Ẹ wá bá mi rìn ín lọ́la, kí ẹ wọ bàtà tó dáa."

Abelardo yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dákẹ́.

"Mo gbọ́ pé dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ló tan iná sí ọkọ mi pé kó máa bọ̀. Ẹ bá mi wá dírẹ́bà yẹn. Ẹ bi í léèrè: ta ló ní kó pe arúgbó sínú ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè yọ ọ́?"

Nereida gbé orí sókè. Abelardo wo ìgò tó wà lórí tábìlì.

"Ọ̀gá, kí ló wí?" ni alága béèrè.

Abelardo tú u. Kò rọ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó sọ fún ìgbìmọ̀ náà pé òun ni dírẹ́bà náà, pé òun mọ̀ pé ibẹ̀ léwu, òun sì di fọ́ọ̀mù tí òun kọ nípa rẹ̀ sínú àpò fún oṣù mẹ́ta. Ó yíjú sí doña Otilia, ó sọ ọ́ fún un ní èdè tirẹ̀.

"Èmi ni, doña. Èmi ni mo pè é."

Ìyá náà wò ó pẹ́. A rò pé yóò gbá a létí. Àwa kan tilẹ̀ ń retí rẹ̀.

"Ohun tí mo sọ nípa dírẹ́bà yẹn, ṣé o sọ ọ́ fún wọn tán?"

"Mo sọ ọ́ tán."

"Kò já bọ́ níbì kankan?"

"Kò já bọ́."

Ó gbé ìgò rẹ̀. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa jókòó," ó wí. "Má pẹ́ dé."

Ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì dá Abelardo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì gbé e lọ sí ọ̀nà mìíràn. Kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kò pa ìpàdé kan jẹ. Oṣooṣù ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ doña Otilia, ó ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀, títí àwọn ìgbìmọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí kí ìyá náà ní orúkọ. Ní ọjọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì fún wa ní iná kékeré tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́, Abelardo ń wá sí Los Nogales láti bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ so wọ́n. Nereida ń di kẹ̀kẹ́ mú, òun ń dè é. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, "Fún mi ní ìyẹn" àti "Gbà" nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn.

Ní Sátidé kan, Nereida ní, "Èmi ni mo sọ fún bàbá mi pé o máa ń dúró. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tó dára."

"Ó dára nígbà náà."

"Ohun tó dára ló pa á, Abelardo. Tó bá jẹ́ ohun burúkú ni, ì bá rọrùn fún mi."

Abelardo tẹ iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, ó tàn pupa. Nereida jókòó tì í sílẹ̀ títí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ fi dé.

Doña Otilia ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì. "Ọkùnrin yẹn, ṣé o ṣì fẹ́ràn rẹ̀?"

"Ìyá, báwo ni mo ṣe lè..."

"Mi ò bi ọ́ pé báwo."

Nereida sọkún. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sun ún tó. Ó wá ní, "Èmi ò tíì dárí jì í tán. Ọjọ́ kan mo dárí jì í, ọjọ́ kejì mo tún gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bú níwájú gbogbo ìlú, tó fi ẹnu ara rẹ̀ tú èébú náà, kò ní purọ́ fún ọ nínú ilé."

Oṣù mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ikú don Fidencio, wọ́n gbé ibùdókọ̀ wa síwájú díẹ̀, wọ́n kun ìlà funfun síbrà fún ẹlẹ́sẹ̀ sójú títì, wọ́n mọ pèpéle sáàárín fún ẹni tó bá rẹ̀, wọ́n sì gbé iná adarí ọkọ̀ tó ní bọ́tìnì síbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tan án. Kò sí ayẹyẹ. Doña Otilia tẹ bọ́tìnì náà. Iná pupa tàn, ọkọ̀ lójú ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì dúró, gbogbo wọn, bí àgùntàn.

Ìyá náà rìn jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé àárín, ó dúró, ó wo àwọn ọkọ̀ lọ́tùn-ún, ó wò wọ́n lósì.

"Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?" ó wí. "Fidencio, ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?"

Àwa tó gbọ́ ọ, kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Abelardo ní, "Doña, ẹ jẹ́ ká lọ," ó di apá rẹ̀ mú, ìyá náà kò sì já a gbà.

Ní ìhà kejì, Nereida dá Abelardo dúró sẹ́yìn.

"Mo mọ ohun tí o fẹ́ bi mí," ó wí. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti wà lẹ́nu rẹ. O ti tún ń dì í sápò."

Ojú ti Abelardo. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ, Nereida."

"Àárọ̀ míì máa wà tí mi ò ní fẹ́ rí ojú rẹ."

"Mo mọ̀."

"Má bẹ̀ mí ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀. Má sọ nǹkan kan."

"Màá wà ní kíṣìnì."

"Kí lo fẹ́ ṣe ní kíṣìnì?"

"Màá se kọfí."

"Kọfí rẹ ò dáa, bàbá àgbà."

"Bí o bá ṣe ń bínú tó ni màá ṣe máa kọ́ sísè rẹ̀ tó."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó gbé orí lé èjìká rẹ̀ níbẹ̀, níwájú gbogbo wa.

Oṣù kẹwàá ni wọ́n ṣègbéyàwó, ní ọ̀sán Sátidé. Doña Otilia ló mú ọmọ rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà ló gbé okùn ìgbéyàwó, èyí tí a fi ń so tọkọtaya pọ̀, kọ́ wọn léjìká, ó kọ́ ti Nereida, ó dúró díẹ̀, ó kọ́ ti Abelardo. Oúnjẹ pọ̀ ní ọgbà Los Nogales, àwọn kan jó. Nígbà tó yá, ayàwòrán pè wọ́n kí wọ́n tò sábẹ́ igi. Àlejò ni, kò mọ ìtàn ẹnikẹ́ni. Ó to ìyá ìyàwó sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó, ó wá gbójú sókè.

"Bàbá ìyàwó ńkọ́? Bàbá ìyàwó, ẹ máa bọ̀, a ti ń dúró dè yín!"

Kò sí ẹni tó mira. Ẹni tó ń jẹun gbé ṣíbí sílẹ̀. Abelardo ló kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan: ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan, àyè èèyàn kan sì ṣí sílẹ̀ láàrin wọn.

"Ẹ sún mọ́ra," ni ayàwòrán wí.

"Rárá," ni Nereida wí. Ó na ọwọ́ kọjá àyè náà, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ yà á bẹ́ẹ̀."